Ọ̀nà Oko Bàbá Wa Kì Í Ṣe Ọ̀nà Àlejò

Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìlọ́bù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án, 1994.

Bọ̀dá mi Mansur,

Àsàlámù àléékúmù. Mo kí yín, mo kí Àǹtí Shakirah, mo kí àwọn ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ti yẹ kí àbúrò ṣe fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n inú ń bí mi níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, ẹ má rò pé mò ń rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà tó pọ̀ tó láti ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní ẹ ti gbọ́ ní Kàdúná pé mo ti àlejò kan sínú odò, mo sì ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Irọ́ ni. Mi ò ti ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ kan wọ odò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Bàbá wa ni, Bàbá fúnra wọn ló sì tẹ̀ lé e. Arábìnrin tí ẹ gbọ́ pé aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, òun ló bẹ́ sínú omi láti bá mi fa Bàbá jáde. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo fa pátákó yín tu. Mo ṣe é, mi ò sì tíì kábàámọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ rántí ọ̀nà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí àwa méjèèjì lọ, ó sọ̀kalẹ̀ síbi odò kékeré tó ń ṣàn lọ sínú odò Ẹ̀rìnlẹ̀, ó wá gba àárín oko kọjá títí ó fi já sí Ìfọ́n. Ìjọba kọ́ ló là á, ẹsẹ̀ ló là á. Lọ́dún yìí tí epo mọ́tò di ohun àwátì, tí ọkọ̀ Òṣogbo kò ní ọjọ́ kò ní àkókò, ọ̀nà yẹn ni gbogbo wa ń gbà. Bíríkìlà ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, àwọn obìnrin ń ru igi àti gbágùúdá gba ibẹ̀ wálé, àwọn ọmọ ilé ìwé ń sáré níbẹ̀ bí agogo bá ti lù.

Ṣùgbọ́n nítorí Bàbá ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹ kò tíì fojú kan wọn láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ yẹn ti kọlù wọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí fún yín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ń wọ́lẹ̀. Wọn kò lè rin títì ọlọ́dà, nítorí tírélà kì í dúró de ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n á rìn. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, wọ́n á gùn ún díẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ òsì nìkan wà á. Bí wọ́n ṣe ń dé oko nìyẹn. Oko náà kì í ṣe oko ńlá mọ́, ebè iṣu díẹ̀ àti gbágùúdá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Bàbá bá lọ sí oko, wọ́n á jẹun, wọ́n á bú mi, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ mú ìyàwó wálé. Lọ́jọ́ tí wọn kò bá lọ, wọ́n á kọjú sí ògiri, oúnjẹ á tutù níwájú wọn.

Ìgbà tí Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú ìlú wa ní àwọn fẹ́ tún ọ̀nà náà ṣe, inú mi dùn. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi la ṣán koríko rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wá. Alàgbà Ọlábánjí, tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè, ni alága ìgbìmọ̀ ọ̀nà. Wọ́n kó wa jọ, wọ́n ní ẹ̀yin ẹ̀ka Kàdúná lẹ mú àbá náà wá. Wọ́n ní ẹ ti rí irú rẹ̀ nílẹ̀ Jọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ sára. Wọ́n ní àwọn ènìyàn á máa ti Èkó àti Ìbàdàn wá wo odò wa, orúkọ ìlú á sì ròkè. A pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́.

Wọ́n to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n. Wọ́n fi pákó kan afárá tuntun sórí odò. Gbogbo èyí dára. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ọparun dábùú ọ̀nà lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n fi Àkànó ṣọ́ ọ, tí wọ́n gbé fèrè lé e lọ́wọ́. Àkànó tí ẹ mọ̀ náà ni, tó máa ń sùn ní kíláàsì. Ó ń fọn fèrè sí ewúrẹ́, ó ń fọn ọ́n sí àwọn obìnrin tó ru igi. Ó ní ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá, kẹ̀kẹ́ oko kò gbọdọ̀ kọjá, pé wọ́n ń ba ọ̀nà jẹ́. Mo lọ bá Alàgbà Ọlábánjí nílé. Mo ní, “Sà, ta ni yóò wá máa kọjá?” Wọ́n ní, “Àlejò.” Mo ní, “Lọ́jọ́ tí àlejò kò bá wá ńkọ́?” Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú, wọ́n ní, “Kí ọ̀nà sinmi.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé pátákó dé. Wọ́n ri ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn ilé wa, wọ́n ri ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ afárá, wọ́n ri ọ̀kan mọ́ ọ̀nà Ìfọ́n. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni ỌNA ALEJO, lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀dà pupa. Bọ̀dá, mo mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó wá gbafẹ́ ni wọ́n ń pè ní àlejò. Ṣùgbọ́n ṣé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ti kúrò nílé ni? Ẹ mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín àwa àti Ìfọ́n. Ẹ mọ bó ṣe le ní gbogbo ibi tí ọ̀nà yẹn gbà kọjá. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń du, àlejò kì í ṣe ẹni tó wá kí ènìyàn. Àlejò ni ẹni tí onílẹ̀ yá ní ilẹ̀, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n lè lé lọ bí ó bá di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ń sọ síra wọn ní kóòtù ni. Òun lẹ wá mú, ẹ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sójú ọ̀nà oko.

Akínọlá ará Ìfọ́n, ẹgbẹ́ mi, tí oko bàbá rẹ̀ bá ti wa pààlà, ni ó kọ́kọ́ rí i lápá ọ̀dọ̀ wọn. Ó sọ fún mi pé òun gbé ọkọ́ lé èjìká, òun ka pátákó náà lẹ́ẹ̀kan, òun tún un kà. Ó ní, “Jàlálù, ẹ ti ń fi ẹnu pè wá bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ wá ra ọ̀dà sí i.” Mo búra fún un pé kì í ṣe àwọn ará Ìfọ́n ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ó ní, “Ta ló wá ń gba ibẹ̀ yàtọ̀ sí wa?” Lápá ọ̀dọ̀ tiwa náà, Ìyá Ṣùkúrátù tó ń ta epo pupa gbé garawa epo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ níwájú pátákó. Ó ní kí ọmọ ilé ìwé kan kà á fún òun. Nígbà tó gbọ́, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó padà. Ó ní, “Bí mo bá tẹ ibẹ̀ lónìí, lọ́la wọ́n á ní mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi jẹ́wọ́ pé àlejò ni mí. Ẹ lọ wá ẹlòmíràn tí ẹ ó gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Bí ìlú ṣe kúrò lójú ọ̀nà náà nìyẹn. Ohun tí ìpàdé àlàáfíà kò rí ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, pátákó yẹn ṣe é: Ìlọ́bù àti Ìfọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní rìn níbẹ̀. Alàgbà Ọlábánjí jáde, wọ́n wo ọ̀nà, wọ́n rí i pé ó mọ́, ó dá páropáro. Inú wọn dùn. Wọ́n ń sọ káàkiri pé, “Ẹ wo ará ìlú bí wọ́n ṣe gbọ́ràn! Wọ́n ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àlejò.”

Mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n máa lọ sí oko wọn, pé Àkànó kò ní dá wọn dúró, mo ti bá a sọ̀rọ̀. Bàbá ní, “Ta ló ń sọ ti Àkànó? Bàbá mi ló ro ilẹ̀ yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ igbó. Mi ò ní gba ọ̀nà àlejò lọ sí oko bàbá mi.” Wọ́n jókòó sílé. Wọ́n kọjú sí ògiri. Iṣu wà nínú ebè, kò sí ẹni tí wọ́n gbà kó bá wọn wà á, èmi gan-an wọ́n ní n kò mọ ibi tí àdá ń gbà.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn níta tí wọ́n ti di kẹ̀kẹ́ mú. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ti gbà. Àṣé wọn ò gbà rárá. Inú koríko ni wọ́n ń gbà! Ọ̀nà mọ́ tónítóní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òkúta funfun tò lọ bẹẹrẹ, Bàbá wá ń ti kẹ̀kẹ́ nínú koríko tó dé orúnkún, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí táyà kan òkúta kan ṣoṣo. Àkànó pàápàá bẹ̀ wọ́n. Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ bọ́ sójú ọ̀nà, mo ti yíjú, mi ò rí yín.” Bàbá ní, “Yíjú padà. Ṣé mo jọ àlejò lójú ẹ ni?” Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn nínú koríko. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bàbá mi ni.

Àṣé ọjọ́ náà gan-an ni àwọn àlejò dé. Wọ́n fi lọ́rì kó kẹ̀kẹ́ tuntun wọn wá. Wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń lu aago, wọ́n ń kí wa. Ọ̀kan dúró, ó ya Bàbá ní fọ́tò. Ó wá bi Alàgbà Ọlábánjí léèrè pé kí ló dé tí bàbá arúgbó ń rìn nínú koríko nígbà tí ọ̀nà wà. Mo fi etí ara mi gbọ́ ohun tí Alàgbà fi dá a lóhùn. Wọ́n ní, “Àṣà wa ni. Àwọn àgbà wa máa ń yà fún àlejò.”

Àṣà wa! Bọ̀dá Mansur, ẹ sọ fún mi, ní ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe àṣà yẹn?

Nígbà tí a dé odò, Bàbá kò gba orí afárá. Wọ́n ní ibi tí àwọn ti ń kọjá tẹ́lẹ̀ ni àwọn ó gbà, lórí àwọn òkúta ìsàlẹ̀. Òjò ti rọ̀, òkúta ń yọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé kẹ̀kẹ́. Wọn ò fún mi, ẹ mọ̀ pé òun ni ẹsẹ̀ wọn. Táyà yọ̀, kẹ̀kẹ́ lọ, Bàbá bá a lọ. Omi náà kò jìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gbọ́ tirẹ̀ kò lè dìde nínú omi tí kò jìn. Àwọn tó wà lórí afárá ń kígbe. Arábìnrin kan láti Èkó, Fọlá lorúkọ rẹ̀, ju kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ́ sínú omi tòun ti bàtà. Àwa méjèèjì la fà wọ́n jáde. Ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò gba orí afárá?” Omi ń ro lára Bàbá tótótó, wọ́n ní, “Ọmọ mi, tiyín ni.” Kò yé e. Mo fi pátákó hàn án, mo là á yé e. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ta ló ní kí wọ́n lé yín fún wa? Ṣé àwa bẹ̀ wọ́n ni?”

Ẹ ò rí i pé mi ò bá àlejò jà. Àlejò ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo kàn rìn lọ síbi pátákó ẹ̀gbẹ́ afárá, mo mì í títí ó fi tu, mo sì ṣe èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa bákan náà. Èyí tó wà lọ́nà Ìfọ́n, ẹni tó tu ú mọ ara rẹ̀.

Wọ́n pè mí sí ìpàdé. Alàgbà Ọlábánjí dìde, wọ́n ní, “Jàlálù, ìwọ tí o kò ka ìwé kọjá ìwé mẹ́fà, ìwọ lo fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń gba àlejò?” Mo ní, “Ìwé mẹ́fà náà ni mo fi ka pátákó yín, sà.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní mo yájú. Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tó dúró tì mí fún yín kí ẹ lè mọ̀ wọ́n. Ṣínà tó ń lẹ táyà dìde. Ìyá Ṣùkúrátù dìde, ó sì bú gbogbo ìgbìmọ̀. Akínọlá wá láti Ìfọ́n, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó wá jà, ó ní ohun tí mo sọ ni òun náà sọ. Àkànó gan-an bọ́ fèrè lọ́rùn. Àwọn mìíràn wà, ṣùgbọ́n mo jáwọ́ nínú kíkà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kà wọ́n, àyè ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń dé, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Nítorí kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló kan yín, ohun tí Alàgbà Ọlábánjí sọ tẹ̀ lé e rèé, níwájú gbogbo ènìyàn: “Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ̀nà lórúkọ. Mansur ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi orúkọ náà ránṣẹ́ láti Kàdúná. Lọ bá a jà.” Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Mo rò pé wọ́n á bínú. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ má bá ọmọ náà wí. Ọ̀nà tara rẹ̀ ló ń là.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, mo sì rí ojú Bàbá nígbà tí ẹ̀rín náà tán.

Ìgbìmọ̀ ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà, kí n sì fi ọwọ́ mi ri àwọn pátákó náà padà. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n jù mí lọ, kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n pátákó, kí wọ́n lọ wá ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ní ó dáa, ọparun á wà níbẹ̀, orúkọ á sì wà bẹ́ẹ̀, àyàfi bí ẹ̀ka Kàdúná bá fẹnu ara wọn yí i padà.

Akínọlá ló gba Bàbá sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sílé wa, ó ní, “Bàbá Mansur, ẹ máa gba àárín oko mi kọjá. Mo ti ṣán an. Kò sí pátákó níbẹ̀.” Bàbá ní, “Ilẹ̀ tí à ń du yìí náà?” Akínọlá ní, “Ẹ máa dù ú bí ẹ bá ti ń kọjá, sà.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Bàbá fi ń wúkọ́. Ọ̀nà náà jìn, ó yí po, ibi tó ti dé ìsàlẹ̀ odò jẹ́ ẹrọ̀fọ̀. Bí òjò bá rọ̀, kẹ̀kẹ́ kò lè gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá gbẹ, Bàbá ń dé oko, wọ́n sì ń bú mi.

Mi ò fẹ́ kí ẹ fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ẹ wálé. Ẹ dìde nínú ìpàdé, kí ẹ fi ẹnu yín sọ pé àwọn tó ń rin ọ̀nà náà lójoojúmọ́ ló ni ín. Àlejò tó bá fẹ́ wo odò wa, kó máa bọ̀. Kó bá wa rìn níbẹ̀, kó fara kan igi tí ìyá kan rù, kó dúró kí ewúrẹ́ kọjá. A ó kí i dáadáa. Fọlá yẹn ní òun á padà wá, mo sì mọ̀ pé á wá. Ẹ̀yin ni mi ò mọ̀.

Bí ẹ bá dé, ẹ ó bá ọ̀nà méjì lẹ́yìn ilé wa. Ọ̀kan ní òkúta funfun, ọ̀kan ní ẹrọ̀fọ̀. Mi ò ní sọ èyí tí ẹ ó gbà láti bá Bàbá lóko fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ti olókúta funfun, a ó kí yín tẹ̀ríntẹ̀yẹ. A ó tẹ́ ẹní, a ó bu omi tútù fún yín, a ó béèrè bí ọ̀nà ti rí, a ó sì bi yín pé ìgbà wo lẹ fẹ́ padà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà ilé dí mọ́ yín. Kó tọ́jú Àǹtí Shakirah, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ yín dàgbà, kí wọ́n mọ oko bàbá wọn àgbà nígbà tí Bàbá ṣì wà nínú rẹ̀. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo, tí inú ń bí, tí kò sì ní ẹ̀gbọ́n mìíràn,
Jàlálù.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí fún Bàbá kí n tó lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní a ó bu omi tútù fún yín, wọ́n ní kí n pa á rẹ́, pé a kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹni. Mi ò pa á rẹ́. Wọ́n wá ní kí n kọ ọ́ síbí pé bí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ wọ bàtà tí ẹ ò ní káàánú, nítorí ẹrọ̀fọ̀.